Ìdajì Ìṣísẹ̀

Ní gbogbo ọdún tí Ẹ̀fúùfù fi ń gba góòlù nínú eré sísá, Ìkejì ló ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìkókó ni ojú Ẹ̀fúùfù ti fọ́. Okùn kúkurú kan ni wọ́n fi ń so ọrùn ọwọ́ àwọn méjèèjì pọ̀. Ìkejì a máa sọ ibi tí ọ̀nà ti yí, Ẹ̀fúùfù a sì máa fò bí ẹyẹ. Òfin kan wà tí kò ṣeé yẹ̀: amọ̀nà kò gbọdọ̀ ṣáájú afọ́jú dé ìlà ìparí. Nítorí náà, bí ó bá ti ku díẹ̀, Ìkejì a fà sẹ́yìn ní ìdajì ìṣísẹ̀. Àyà Ẹ̀fúùfù ló ń já rìbọ́nù. Ọrùn Ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń gbé góòlù kọ́. Àwọn oníròyìn ló sọ amọ̀nà náà ní Ìkejì, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Eré ti tán tipẹ́. Àwọn tó ń kanlẹ̀kùn nígbà náà ti rí ilẹ̀kùn mìíràn kàn. Yàrá ẹ̀yìnkùlé Ẹ̀fúùfù ni Ìkejì ń gbé báyìí. Láràárọ̀, á fọwọ́ tọ ògiri wọlé, á ní orúnkún ló ń yọ òun lẹ́nu. Á da tíì fún àwọn méjèèjì, á máa gbọ́ bí omi ṣe ń gòkè nínú ife, á sì dá a dúró kó tó kún. Kò sóhun tó ń dùn ún, kò sì sóhun tó ń dùn mọ́ ọn. Ọkàn rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú.

Bí wọ́n bá mu tíì tán, wọ́n á so okùn, wọ́n á rìn yí àdúgbò ká. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkòríta kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá lásán.

"Ẹ ò ì tíì túra yín sílẹ̀? Ìyàwó mi pàápàá ò so mí mọ́lẹ̀ tó báyìí."

"Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa jí ọ gbé ni," ni Ẹ̀fúùfù a dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, á dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀. "Gọ́tà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn wá, àbí?"

Ìkejì a ní ó ti kàn wọ́n.

Ní ọjọ́ kan, akọ̀wé àjọ eré ìdárayá wá sílé. Wọ́n ti tún pápá àtijọ́ ṣe, wọ́n sì fẹ́ kó jẹ́ Ẹ̀fúùfù ló máa kọ́kọ́ sáré yí i ká. Ó ní àwọn ti rí ọ̀dọ́ kan tó máa mú un dání, nítorí Ìkejì ti dàgbà.

"Èmi àti Ìkejì ni," ni Ẹ̀fúùfù wí, "bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá ẹlòmíràn."

Akọ̀wé gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí Ìkejì bá fẹsẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀dọ́ náà yóò gba okùn. Ìkejì di okùn náà mú lábẹ́ tábìlì. Okùn yìí nìkan ló ṣẹ́kù nínú gbogbo ohun tó ti jẹ́ rí. Bí wọ́n bá gbà á, kò mọ orúkọ tí wọ́n tún máa pe òun.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ìyàwó Ẹ̀fúùfù bá Ìkejì wí pé akọ̀wé nawọ́ sí i kí wọ́n bọwọ́, kò sì gbà á. Ó bi í pé kí ló kù tó fi ń gbéra ga. Ìkejì tọrọ àforíjì.

Ọjọ́ náà pé. Òórùn ọ̀dà tuntun gba pápá kan, ariwo èrò sì ń bọ̀ láti ọ̀tún àti òsì. Wọ́n gbéra. Ẹsẹ̀ Ẹ̀fúùfù mọ pápá yìí bí ahọ́n ṣe mọ ẹnu. Bí okùn bá ti fà sósì, Ìkejì a ní, "Òsì, ẹ̀gbọ́n."

"Mo gbọ́," ni Ẹ̀fúùfù a wí.

Kò fẹsẹ̀ kọ. Akọ̀wé ké lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé ó ku díẹ̀. Ìkejì fà sẹ́yìn ní ìdajì ìṣísẹ̀. Okùn náà fà sẹ́yìn jù ú lọ. Ó tún dẹ ẹsẹ̀, Ẹ̀fúùfù náà tún dẹ ẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ kan sì rọra tì í lẹ́yìn. Nǹkan fẹ́lẹ́ kan já mọ́ ọn láyà. Ó fọwọ́ wá a kàn. Rìbọ́nù ni.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ ti jẹ́ ká rú òfin."

"A ò rú u," ni Ẹ̀fúùfù dá a lóhùn lẹ́yìn rẹ̀, "amọ̀nà ni kì í ṣáájú afọ́jú, láti ọjọ́ tí ojú tìrẹ náà ti fọ́ ni mo sì ti ń mú ọ kiri."