Màmá Wọ Bàálù Nínú Pálọ̀

Wákàtí mẹ́fà ni bàálù Màmá máa lò lókè nírọ̀lẹ́ òní kó tó dé ìlú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

Ọkàn àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ò balẹ̀. Màmá kì í lè jókòó síbì kan.

Láàárọ̀, ó fi gèlè so Màmá mọ́ àga pálọ̀ kó lè fi dánra wò. Ó pa gbogbo fóònù, torí inú bàálù ni wọ́n wà.

"Nǹkan kan ń kù lókè òrùlé," Màmá ní. "Jẹ́ n yọjú."

"Ẹ jókòó, mà. A ò tíì balẹ̀."

Wákàtí mẹ́fà pé. Màmá yege.

Ọmọbìnrin náà tan fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ iléeṣẹ́ bàálù wà níbẹ̀: bàálù Màmá ò dúró dìrọ̀lẹ́ mọ́, àárọ̀ òní ló máa gbéra.

Ó káwọ́ lérí.

"Mo kúkú gbọ́ ọ nígbà tó ń kọjá," Màmá ní. "Ìwọ lo ní a ò tíì balẹ̀."