Fífọ Ẹ̀yìn Àna

Gbogbo wọn ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ tábìlì oníná tó ń mú ẹsẹ̀ móoru nílé àwọn Nagakura, wọ́n ń bó ọsàn jẹ, nígbà tí Mitsuki tẹ́ ìwé ìpolówó àwọn ilé àlejò orí òkè síwájú wọn. Oṣù méjì ló kù kí òun àti Tatsunori ṣègbéyàwó. Ó ní kí òun, àfẹ́sọ́nà òun àtàwọn òbí òun kọ́kọ́ jọ lọ gbádùn ara wọn ní Nagano, kí wọ́n fi pátákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín lójú ọ̀sán, kí wọ́n sì wọ omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀ bó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rù ba Tatsunori.

Ìhòòhò ni wọ́n ń wọ omi yẹn, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ẹja pupa ńlá kan sì wà lẹ́yìn Tatsunori, láti ọrùn títí dé ìbàdí, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ yà síbẹ̀ lásìkò tó bá bàbá rẹ̀ ọlọ́pàá jà, tó ń bá àwọn jàǹdùkú Yokohama rìn. Ó ti kúrò láàárín wọn tipẹ́. Ó ti bẹ bàbá rẹ̀, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Àmọ́ ẹja náà kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá sì rí i, jàǹdùkú ni yóò pè é. Mitsuki nìkan ló mọ̀. Tatsunori ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Nagakura, bàbá rẹ̀, Mitsuki sì ti ṣèlérí.

Ọ̀gbẹ́ni Nagakura kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bá ṣàwàdà. Ṣọ́ọ̀bù ìtúnbàtàṣe ló ní. Bí ooru ṣe wù kó mú tó, bọ́tìnnì rẹ̀ á dé ọrùn, apá ẹ̀wù rẹ̀ á dé ọrùn ọwọ́. Gbogbo ìgbà tí Tatsunori bá wá kí wọn, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi í.

"Bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá?"

"Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, Bàbá."

Á mi orí. Tatsunori gbà pé àléébù òun ni ọkùnrin yìí ń wá kiri, ọjọ́ tó bá sì rí i, kò ní fún òun lọ́mọ mọ́.

"Ẹ wo èyí, ní Shirasawa," Mitsuki wí. "Ìta gbangba ni wọ́n ti ń wẹ̀, tí yìnyín á máa já bọ́ sí yín lórí."

"Ṣé yàrá kọ̀ọ̀kan ní balùwẹ̀ tiẹ̀?" bàbá rẹ̀ béèrè.

"Rárá o, Bàbá. Ẹ̀yin àti Tatsunori lẹ jọ máa wẹ̀, ẹ ó sì fọ ẹ̀yìn ara yín. Ṣebí bí àna ṣe ń mọ àna nìyẹn."

Tíì tó wà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Nagakura dà sí i lára. Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó lọ wá aṣọ ìnulẹ̀. Ọkùnrin náà wo Tatsunori, kò ṣẹ́jú.

"Ṣé o fẹ́ràn omi gbígbóná?"

"Ẹ̀jẹ̀ mi ló máa ń ru, Bàbá. Dókítà ní kí n rọra ṣe."

"Ẹ gbà mí o!" Mitsuki bú sẹ́rìn-ín. "Arúgbó lẹ fẹ́ fún lọ́mọ yìí!"

Nígbà tí Mitsuki sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, Tatsunori di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni? O kúkú mọ ohun tó wà lẹ́yìn mi."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Bí bàbá rẹ bá rí i, wọ́n á lé mi. Mi ò fẹ́ pàdánù rẹ, Mitsuki."

"Àwọn ilé àlejò yòókù ló kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn kì í gba ẹni tó ní àwòrán lára. Àwọn ti Shirasawa ò kọ ọ́. Fọkàn balẹ̀ jàre, èmi ni mò ń ṣètò ẹ̀."

Wọ́n lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n débẹ̀, Tatsunori ní inú ń run òun. Nígbà oúnjẹ alẹ́, ìkòkò ọbẹ̀ ń hó láàárín wọn, àwọn obìnrin ti wẹ̀, ojú wọn ń dán. Ọ̀gbẹ́ni Nagakura ṣì wà nínú aṣọ ìrìn àjò.

"O ò tíì wọ omi?" ó bi Tatsunori.

"Rárá, Bàbá. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ó dọ̀la."

Ó ń dúró dè mí ni, Tatsunori wí nínú ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Mitsuki kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Sáré lọ wẹ̀ báyìí. Gbogbo èèyàn ti gun òkè lọ. Bàbá mi náà ti gba pátákó, mo fẹ́ lọ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yọ̀."

Tatsunori sáré lọ. Ó ká aṣọ rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé èèyàn wà nínú ilé ìwẹ̀, ó sì rì sínú omi dé àgbọ̀n. Oru omi bo gbogbo ibẹ̀. Ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ nígbà tó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, tí ẹnì kan sì wúkọ́. Ó mọ ikọ́ yẹn. Ó fi ẹ̀yìn ti òkúta, ó ń ronú ohun tí yóò sọ fún bàbá tirẹ̀ pé ó fà á tí kò fi sí ìgbéyàwó mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Nagakura la oru omi kọjá, ó jókòó sórí àpótí láti fọra, ó sì sí táwẹ́lì kúrò léjìká, dírágónì aláwọ̀ búlúù kan wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ọrùn títí dé ìbàdí, nígbà tó sì gbọ́ tí omi ró tó bojú wẹ̀yìn, ó sáré fa táwẹ́lì bo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Mitsuki búra fún mi pé orí yìnyín lo wà."