Àpò Pupa Tí Ọláìtán Rà fún Ọ̀pá Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kanlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá sínúkà àti àpò rẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

1.
Ọláìtán ń gbé ní Ìbà, táìlì ló ń lẹ̀ jẹun. Bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ìdí tábìlì sínúkà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, lẹ máa bá a. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọládàpọ̀, ló kọ́ ọ. Òun náà ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn. Iṣẹ́ wẹ́dà ni Ọládàpọ̀ ń ṣe ní Okokomaiko, nígbà tára rẹ̀ sì le, kò sẹ́ni tó lè gbá sínúkà tó o láti ibẹ̀ dé Ìjanikin.

Àfi bí rọpárọsẹ̀ ṣe mú un. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́ dáadáa. Ọláìtán gbé e wá sílé ara rẹ̀. Níbẹ̀ ni Ọládàpọ̀ ti fi ọ̀pá sínúkà rẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀pá igi gidi tó ṣeé tú sí méjì, tó ti ń lò láti ìgbà èwe.

Ó ní, "Apá mi ti kú, Ọláìtán. Àmọ́ bó o bá ń fi èyí gbá a, èmi náà ṣì ń gbá a nìyẹn. Ṣáà wá àpò tó máa dáàbò bò ó."

2.
Ọláìtán àti Morẹ́nikẹ́, ìyàwó rẹ̀, gba ọjà Alábà lọ. Mọ́rúfù tó ń ta nǹkan eré ìdárayá gbé àpò méjì síwájú wọn. Ọ̀kan dúdú, ó le koránkorán, fóòmù wà nínú rẹ̀ tí apá ọ̀pá kọ̀ọ̀kan fi ní àyè tirẹ̀. Kò wọ́n rárá. Èkejì pupa, ó ń dán, ó ní okùn èjìká àti àwòrán idì. Owó rẹ̀ ju ti dúdú lọ, àmọ́ bí Morẹ́nikẹ́ ṣe fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó wọlé bíi páálí. Mọ́rúfù fúnra rẹ̀ sọ fún wọn pé dúdú ni kí wọ́n mú, pé aṣọ lásán ni pupa yẹn.

Morẹ́nikẹ́ bẹ ọkọ rẹ̀. "Bàbá Moyin, ẹ jẹ́ ká mú dúdú. Ọ̀pá la fẹ́ dáàbò bò, kì í ṣe ojú ayé."

Ọláìtán rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò lè máa gbé ohun tó jọ páìpù omi kọ́ èjìká kiri àdúgbò. Pupa ló rà.

Ká sòótọ́, ó gbayì. Bó bá ti ń bọ̀, àwọn ọmọ yunifásítì tó ń gbé àdúgbò á máa pè é ní ọ̀gá.

3.
Lọ́jọ́ kan tójò ń rọ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé láti Ìyànà-Ìbà. Àpò náà há sáàárín ara rẹ̀ àti irin kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ já sí kòtò, àpò ká, Ọláìtán sì gbọ́ tí nǹkan dún nínú rẹ̀. Nígbà tó ṣí i, omi ti wọnú rẹ̀, ọ̀pá sì ti sán lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń so ó pọ̀.

Morẹ́nikẹ́ ní kó lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò lọ. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó fi pọ́líìṣì pa ojú rẹ̀ dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọládàpọ̀ béèrè pé báwo ni ọ̀pá, Ọláìtán ní ó wà digbí. Bó ṣe ń dáhùn nìyẹn nírọ̀lẹ́ gbogbo. Ọládàpọ̀ á sì fọwọ́ òsì gbàdúrà fún un.

4.
Ìdíje sínúkà kan wá bọ́ sí Ọ̀jọ́. Ọládàpọ̀ ní dandan, kí wọ́n gbé òun lọ wòran. Ó dé fìlà, ó jókòó lórí àga nítòsí tábìlì, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí i pé ọ̀pá òun ni àbúrò òun ń lò.

Ọláìtán gbá a dáadáa títí ó fi ku bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Ó tẹ̀ sórí tábìlì, ó fi ọ̀pá ti bọ́ọ̀lù náà. Ọ̀pá kán sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ọládàpọ̀ ní kí wọ́n mú ọ̀pá náà wá. Ó wò ó pẹ́. Ó rí gọ́ọ̀mù gbígbẹ nínú igi.

"Ọláìtán, ṣé ó ti pẹ́ tó ti sán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máà bínú."

"Igi ni. Igi lè kán. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni mò ń bi ọ́, ìrọ̀lẹ́ gbogbo lo sì ń purọ́ fún mi. Ṣé nítorí pé mi ò lè dìde wá wò ó ni?"



5.
Ọládàpọ̀ kò bá a jà. Ó kàn ní kí wọ́n gbé òun lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin, Ṣọlápé, ní Àgọ́-Ìwòyè. Morẹ́nikẹ́ ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó lọ tọrọ àforíjì. Ọláìtán ní òun kò lè lọ lọ́wọ́ òfo, pé kí òun kọ́kọ́ rí ọ̀pá tuntun tó jọ ti àtijọ́ rà. Ó ń wá a kiri Alábà. Kò rí i. Níbi tó ti ń wá a ni Ṣọlápé ti pè é lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n wọn sùn, kò jí.

Ọláìtán sáré lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, ó wólẹ̀ síwájú òkú, ó ń bẹ ẹni tí kò gbọ́ mọ́. Ó béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n òun sọ ohunkóhun nípa òun. Ṣọlápé ní, "Wọ́n máa ń wo ọ̀nà yín."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ gbọ́ o. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra àpò fún ohun iyebíye, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ wo inú rẹ̀; èyí tó dára lè má wọ́n. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bàjẹ́. Ẹni tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀, ẹ tètè lọ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀bùn kọ́ ló ń retí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.