Oko Benuel Tó Mọ́ Ju Tábìlì Lọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sá lọ. Nítorí ìparí rẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Ẹni tó bá kà á tán, kó fún aládùúgbò rẹ̀, pàápàá èyí tí oko rẹ̀ mọ́ jù.

1.
Níbí ní Lancaster, nílẹ̀ òyìnbó, ìjọ wa tí kì í gun mọ́tò kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ ṣe yangà. Fìlà dúdú kan náà, kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan náà. Nítorí náà, oko la fi ń ṣe é.

Benuel Esh ní oko kan lẹ́bàá òkè. Àgbàdo ibẹ̀ ló ń bọ́ màlúù rẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n. Tí àgbàdo bá ti kúrò nílẹ̀, gbogbo wa máa ń da ìgbẹ́ màlúù sóko, a ó sì gbin ọkà ráì lé e kí òtútù tó dé. Gbòǹgbò ráì á di agbára ìgbẹ́ náà mú títí òtútù á fi lọ. Tí a bá wá túlẹ̀ bò ó, á dá gbogbo rẹ̀ padà fún àgbàdo tuntun. Ráì kò tíì jí ẹyọ kan rí níbẹ̀.

Benuel da ìgbẹ́ tirẹ̀. Àmọ́ ilé rẹ̀ ni ìsìn ìjọ, tí a máa ń ṣe láti ilé dé ilé, kàn ní oṣù kẹwàá.

Malinda ìyàwó rẹ̀ ní, "Báàgì ráì mẹ́fà mà wà nínú abà o."

"Ó di ẹ̀yìn ìsìn. Tí ráì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ṣe ló máa ń rí jákujàku bí irùngbọ̀n tí ọkọ ìyàwó ìjọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá sí. Mi ò fẹ́ irùngbọ̀n lójú oko mi."

Ó fi ìbaaka mẹ́fà túlẹ̀, ó tún un tú, títí ó fi tẹ́jú bíi tábìlì.

2.
Lọ́jọ́ ìsìn, wọ́n wàásù wákàtí mẹ́ta lórí ìrẹ̀lẹ̀. Benuel jókòó síbi fèrèsé tó kọjú sóko.

Nígbà tí a jẹun tán, a jáde lọ wo ilẹ̀.

"Benuel, èèyàn lè jẹun lórí ilẹ̀ yìí!" ni díákónì wí.

"Ọlọ́run ló ni ògo," ni Benuel wí, bí ẹni tó ń dúró de ìpín tirẹ̀ nínú ògo náà.

Mattie Glick, opó ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ló ni oko ìsàlẹ̀. Ráì tirẹ̀ ti ń hù jákujàku.

"Oko ẹ mọ́, ọmọ mi. Àmọ́ ó wà níhòhò. Ṣé ìwọ á jókòó síta níhòhò ní oṣù kìíní?"

"Màmá, ẹ lọ fá irùngbọ̀n oko yín ná."

"Irùngbọ̀n náà ló ń mú un móoru o."

3.
Lọ́jọ́ kejì ni òjò bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ rọ̀ débi pé ìbaaka kò lè wọ̀ ọ́. Òjò dá, yìnyín dé. Báàgì ráì mẹ́fà náà lo ìgbà òtútù nínú abà, ara wọn sì le.

Yìnyín yọ́, òjò tún rọ̀. Omi gbé ìgbẹ́ Benuel, ó gbé iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ní ààlà, ó bá ráì Mattie. Ráì gbà á lálejò.

Nígbà tó di oṣù keje, àgbàdo Mattie ga ju fìlà bíṣọ́ọ̀bù lọ. Ti Benuel kúrú, ewé rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Oúnjẹ màlúù kò tó. Ó ta mọ́kànlá.

"Benuel, Dolly náà?" ni Malinda wí. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fún un ní wàrà nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ màlúù."

Benuel so okùn mọ́ Dolly lọ́rùn, ó fà á lé ẹni tó rà á lọ́wọ́. Nítorí àwọn tó ṣẹ́kù, ó wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin lọ sílé Mattie.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àgbàdo."

"Wá kó o, ọmọ mi. Tìẹ kúkú ni. Ìgbẹ́ ẹ mà dára o!"

4.
Lọ́dún yẹn, kẹ̀kẹ́ àgbàdo tó gbẹ̀yìn kò tíì jáde lóko tí Malinda fi ń fọ́n ráì. Ìsìn tún yí kàn wọ́n. Ráì hù jákujàku. Benuel dúró síwájú rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ń sọ fún olúkúlùkù pé, "Ó mà ti hù o."

Mo gun òkè lọ nígbà tí yìnyín ń yọ́, mo wo ìsàlẹ̀: oko gbogbo wa pátá ló tutù yọ̀yọ̀ láti ààlà dé ààlà. Orí mi wú. A dúpẹ́ pé ìjọ kò rí yangà inú mi.

Àmọ́ Dolly kò padà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí ojú oko dán kí àlejò lè yìn yín, ẹ ṣọ́ra. Àlejò á jẹun, á lọ. Òjò ni yóò kù pẹ̀lú yín. Ẹ daṣọ bo ilẹ̀ yín kí òtútù tó dé. Àwọn àgbà ní ọ̀bùn ni yóò ru ẹrù afínjú relé. Wọn ò fi kún un pé ọ̀bùn kì í dá gbogbo rẹ̀ padà.