Ohùn Moróunkéjì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Moróunkéjì fi ń pe nọ́ńbà ọkọ̀ níléeṣẹ́ akẹ́rù ńlá kan l'Ápápá. Bó bá ti pè, dẹ́rẹ́bà á wakọ̀ síwájú láti kó ẹrù. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀gá wọn ní kó wá máa ka nọ́ńbà sínú ẹ̀rọ kan tó ń gba ohùn sílẹ̀.

"Màmá, kí ọ̀fun yín lè máa sinmi ni."

Ó gbà á gbọ́. Ó tilẹ̀ ń jẹ atalẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè já gaara. Ọ̀sẹ̀ tó kà á tán ni wọ́n fún un ní lẹ́tà pé kó máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ó padà lọ kó ẹrù rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì wò ó tìyanutìyanu.

"Màmá, ẹ̀yin nìyí? Ta wá ni mò ń gbọ́ nínú lọ́hùn-ún?"

"Ẹ̀rọ ni. Ohùn mi ni wọ́n fi lé mi lọ."

Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé, kì í ṣe nọ́ńbà ni ohùn náà ń pè. Orin tí Moróunkéjì fi ń rẹ àwọn ọmọ rẹ̀ sùn nígbà kan ló ń kọ, orin tí kò kọ níbi iṣẹ́ rí. Ohùn náà wúkọ́, ó sì tún ń bá orin lọ. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Iná ẹ̀rọ pàápàá kò tàn.

Ó béèrè pé, "Ta nìyẹn?"

Orin dá.

"Èmi Moróunkéjì ni," ohùn náà fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìwọ wá ta ni?"