Òfin Kò Gbà Kí N Sọ

Èmi kò mọ òfin, n kò sì mọ bí àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ti aránṣọ kan lọ, tó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, tó ń rán kọ́là mọ́ aṣọ àwọn ọmọléèwé, tí fóònù rẹ̀ wá dún.

Ọkọ rẹ̀ ni, ẹni tó ń tún aago ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Aago. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti dé sí ṣọ́ọ̀bù òun, wọ́n ti rí wáyà àti bátìrì wẹ́wẹ́, òun ń bá wọn lọ. Ó ní kó má wá òun o, wíwá lè mú kí ọ̀rọ̀ náà burú sí i. Ó pa fóònù.

Nígbà tí aránṣọ sáré débẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì, àpótí irinṣẹ́ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kó o lọ ṣe ẹ̀rí. Oníbúrẹ́dì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù ní òun kò rí ọkọ̀, òun kò rí ẹnì kankan. Aránṣọ mi orí. Bí àwọn yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, wọn kì í jẹ́ kójú rí wọn. Ohun tó tún dùn ún ni pé bàtà tuntun lọkọ rẹ̀ wọ̀ jáde lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ àhámọ́ á sì bà á jẹ́.

Òfin náà kò ṣàjèjì sí i. Láti ìgbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí ti ju bọ́ǹbù sí ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n ti ṣe é, ọkọ rẹ̀ ló sì kà á fún un nínú ìwé ìròyìn, abala kan tẹ̀lé òmíràn, ọkùnrin tí kì í kà ju ojú ewé bọ́ọ̀lù lọ. Ẹni tí wọ́n bá fura sí, wọ́n lè fi í pamọ́ láìgbé e dé kóòtù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ fún ará ilé rẹ̀ bóyá ó wà lọ́dọ̀ wọn.

Bó ṣe di oníbàárà ojú fèrèsé kẹta ní ọ́fíìsì wọn nìyẹn, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Akọ̀wé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà lẹ́yìn gíláàsì.

"Ọ̀gá, ọkọ mi ńkọ́?"

"Òfin kò gbà kí n sọ, mà."

"Ṣé ó wà níbí?"

"N kò ní ó wà, n kò ní kò sí."

"Ṣé ẹnu yín ni wọ́n tì pa, àbí orí yín?"

Akọ̀wé kò bínú. Ó ti gbọ́ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣàlàyé fún un, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, pé bí òun bá dá ẹnì kan lóhùn, ẹni tí òun bá dákẹ́ fún ti rí ìdáhùn tirẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà òun á dákẹ́ fún gbogbo ayé. Ó gba báàgì aṣọ mímọ́ tí aránṣọ gbé wá, bó ṣe ń gba ti gbogbo èèyàn, ó sì kọ nọ́ńbà sí i lára. Aránṣọ padà sílé, ó ní bí wọ́n bá ń gba ẹrù rẹ̀, ó wà láàyè nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin gbà á níyànjú pé kó fi mọ bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó, jẹ́ kó sinmi."

"Ta ni kó sinmi, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ọ̀rọ̀ náà ni mo ní kó sinmi."

Aránṣọ kà á sí ojo, kò sì yà sílé rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, ìbínú rẹ̀ ti tóbi ju ojú fèrèsé kan lọ. Iṣẹ́ afapẹ̀rẹ̀-pọnmi ti sú u. Ó kó àwọn ìyàwó àti ìyá tí wọ́n jọ ń tò síwájú fèrèsé náà jọ, wọ́n lọ jókòó síwájú ilé aṣòfin. Aṣòfin kan jáde, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi wọ́n pé bí bọ́ǹbù bá tún dún ńkọ́, ta ni wọ́n máa dá lẹ́bi.

"Ẹ mú ẹni tó jù ú," ni aránṣọ wí. "Àmọ́ bí ẹ bá mú èèyàn, ẹ sọ pé ẹ mú un. Ẹran olè nìkan ni wọ́n ń fi pamọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ìwé ìròyìn. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá tú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ palẹ̀, wọ́n ní àwọn ń wá wáyà. Ilé-ẹ̀kọ́ gba iṣẹ́ aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún padà lọ jókòó síwájú ilé aṣòfin.

Ní oṣù kẹrìnlá, wọ́n yí òfin padà. Bí ará ilé bá béèrè, wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì ṣí ìwé orúkọ fún un. Àwọn obìnrin yòókù ní òun ni kó kọ́kọ́ wọlé.

Akọ̀wé gbé àga fún un. Aṣojú adájọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ gbogbo yàrá àhámọ́, tó sì rí i pé èèyàn inú wọn àti orúkọ inú ìwé kò fi ẹyọ kan ju ara wọn lọ. Aránṣọ fi ìka tọ àwọn orúkọ náà láti òkè délẹ̀. Ó padà sókè. Ó tún sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò."

"A kò yọ ọ́, mà. Kò wọ ibẹ̀ rí. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀."

Akọ̀wé pa ìwé náà dé, ó sì rọra bi í ní ohun tí òfin kò jẹ́ kó bi í láti oṣù mẹ́rìnlá: "Ta ló sọ fún yín pé a mú un?"