Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni Àlàájà Ummusalamah máa ń ṣí ìwé náà. Á jókòó sórí àga ní pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Ìgbògbò, á fi awò sójú, á sì máa kà á sókè. Sọ̀fíyàt, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, á jókòó sílẹ̀, á máa bó ẹ̀gúsí. Bàtà Sọ̀fíyàt á wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin Ẹ̀pẹ́ kan, Iṣẹ́olúwa, kọ ni. Ìtàn ìlú kan lábẹ́ ọ̀sà ni. Olorì àti àwọn ọlọ́lá ń gbé lókè àtẹ̀gùn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ dé. Àwọn tó ń sìn wọ́n ń gbé nínú ẹrẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ọlọ́lá láti sìn á bọ́ bàtà àti orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan nínú wọn ń wá bí yóò ṣe gun àtẹ̀gùn náà.

"Olorì yìí mà burú o!" Àlàájà pa ìwé dé. "Ta ló ń ṣe ọmọ ọlọ́mọ báyìí? Sọ̀fíyàt, ṣé o ń gbọ́?"

"Mo ń gbọ́, mà."

"O ń gbọ́, o ò sì sọ nǹkan kan. Òkúta."

Sọ̀fíyàt kì í yára dáhùn. Nígbà tó kọ́kọ́ dé láti Ìsẹ́yìn, ó máa ń di ìpè ẹlẹ́ẹ̀kẹta kó tó jẹ́. Àlàájà ní etí rẹ̀ ló di. Ó ra oògùn, ó ń kán an sí i létí láràárọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, fóònù dún.

"Lateefah! Lateefah!" Àlàájà pariwo. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà ló pè é. Àwo bọ́ lọ́wọ́ Sọ̀fíyàt ní kíṣìnnì, ó fọ́.

"Má dá a lóhùn jàre, ọmọ tí mo gbà yìí ló tún fọ́ nǹkan. Gbọ́, ẹni tó kọ ìwé yẹn ń bọ̀ wá sí gbọ̀ngán kan l'Ẹ̀pẹ́ lọ́la. Màá ní kó fọwọ́ sí ọ̀kan fún ẹ. Màá sì bi í bóyá ọmọ yẹn gun àtẹ̀gùn. Mi ò tíì lè ka orí tó kẹ́yìn, àyà mi ń já."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó pe Sọ̀fíyàt.

"Wàá tẹ̀lé mi lọ gbé ẹja. O rántí pé lẹ́yìn Iléyá ni mo fẹ́ fi ẹ́ sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ?"

"Mo rántí, mà."

"Tí o bá dójú tì mí níbẹ̀, gbàgbé ẹ̀. Ìsẹ́yìn lo máa bá lọ."

Torí iṣẹ́ aránṣọ yìí nìkan ni ọmọ náà ṣe kúrò nílé.

Wọ́n gba Ìtóìkín lọ. Wọ́n kọ́kọ́ dúró lọ́jà ẹja. Ní gbọ̀ngán, Sọ̀fíyàt dúró sẹ́yìn Àlàájà, ó gbá abọ́ ẹja mọ́ àyà. Iṣẹ́olúwa jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú bírò. Kò dàgbà ju Sọ̀fíyàt lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n "ẹ" ni Àlàájà ń fi bá a sọ̀rọ̀.

"Ìwé yín yìí pa mí lẹ́kún. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ yẹn gun àtẹ̀gùn?"

Iṣẹ́olúwa rẹ́rìn-ín. "Kò gùn ún, mà. Ẹnu ọ̀nà ló padà sí."

"Háà! Ó mà ṣe o." Àlàájà gbé ìwé kan sílẹ̀. "Lateefah ni kí ẹ kọ sí i. Ọmọ mi ni."

Iṣẹ́olúwa kọ ọ́. Ó wo ẹni tó gbé ẹja, ó sì fa ìwé mìíràn yọ.

"Ọ̀fẹ́ lèyí, tìẹ ni. Kí lorúkọ ẹ?"

"Sọ̀fíyàt ni," Àlàájà dáhùn.

Ọmọbìnrin náà rọra gbé abọ́ ẹja sílẹ̀.

"Lateefah ni, mà," ló wí, "Sọ̀fíyàt lorúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi, Àlàájà ló ní ọmọ ọ̀dọ̀ kò gbọdọ̀ máa jẹ́ orúkọ ọmọ àwọn nínú ilé."